Aṣọ àti Ohun Èlò Eré Orí Ìtàgé: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe É Láti Ìtòkú Dé Kútọ̀

Láti ọjà àdìrẹ ní Ìtòkú dé gbọ̀ngàn eré ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta níbí, ẹni tó jókòó sí ìlà ìkẹyìn nínú gbọ̀ngàn la ń ṣiṣẹ́ fún. Adé tó ń dán gbinrin nínú ṣọ́ọ̀bù, tó wá di páálí lásán lójú ẹni yẹn, owó ti wọgbó. Adé mìíràn wà tó rí wúruwùru tí ẹ bá sún mọ́ ọn, tó sì jẹ́ pé bó ṣe yọ lórí ìtàgé báyìí làwọn òǹwòran ti ń ké "Kábíyèsí!" Irú adé kejì yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè lórí kó ní ìdí, ẹ jẹ́ ká gbà pé eré kan wà lọ́wọ́ yín. Ìtàn ìlú wa ni: bí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ṣe dìde ní 1947 nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn lọ sí ààfin Aké, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì rọlẹ̀ títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní 1949. Ó ní ọjà, ó ní ààfin, ó ní èrò rẹpẹtẹ, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá lè múra fún eré yìí, kò sí eré tó máa bà á lẹ́rù.

1. Ẹ ka ìwé eré náà pẹ̀lú bírò lọ́wọ́

Ẹ kọ́kọ́ kà á fún ìtàn nìkan. Tí ẹ bá tún kà á, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni wọ̀, tó dì mú, tó jókòó lé, tó jẹ tàbí tó fọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín léèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ta ló gbé e wọlé, kí ló ṣẹlẹ̀ sí i, ta ló gbé e jáde? Ìbéèrè àárín yẹn ló ń jẹ owó. Ìkòkò tí ìyá kan kàn rù kọjá, ẹyọ kan ti tó. Ìkòkò tí ọlọ́pàá gbá fọ́ lójú gbogbo èèyàn, tí ẹ bá fẹ́ ṣeré náà ní alẹ́ mẹ́ta, ìkòkò mẹ́ta lẹ máa rà, ká má tíì mẹ́nu kan ti ìdánrawò. Ẹ lọ bá olùdarí sọ ọ́ nísinsìnyí. Ó ṣeé ṣe kó gbà pé kí ìkòkò náà fọ́ lẹ́yìn ìtàgé, kí àwọn òǹwòran kàn gbọ́ gbàràmù.

Fún ti aṣọ, ẹ wá bébà fífẹ̀ kan. Ẹ to orúkọ àwọn ẹ̀dá inú eré sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ to àwọn ìran sí òkè, kí ẹ wá kọ ohun tí oníkálukú wọ̀ ní ìran kọ̀ọ̀kan sí àárín. Bébà yìí ló máa tú àṣírí pé òṣèré tó ṣe ìyá ẹlẹ́kọ ní ìran kejì náà ló tún fẹ́ ṣe ìjòyè ní ìran kẹta, tí àyè àtipààrọ̀ aṣọ kò sì ju bí wọ́n ṣe máa kọ orin ẹsẹ̀ kan lọ. Ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n báyìí ju kí ẹ mọ̀ ọ́n lálẹ́ ọjọ́ eré.

2. Ẹ má jẹ́ kí ọdún bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ eré ti ń ṣubú. Mo ti wo eré kan rí, orúkọ ẹgbẹ́ náà ò ṣe pàtàkì, tí àwọn obìnrin 1947 wọ léèsì tó ń kọ mànà, tí wọ́n we gèlè tó dúró gbagidi bí òrùlé. Léèsì tí a mọ̀ sí aṣọ òde lónìí, láti ilẹ̀ Austria, àárín ọdún 1960 sí 1970 ló tó gbòde. Àwọn obìnrin tó dúró sójú oòrùn níwájú ààfin Aké, ìró àti bùbá òwú ló wà lára wọn, gèlè wọn kéré, ó rọ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ orí.

Àdìrẹ bá 1947 mu gan-an. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún kọ ọnà sí, gbilẹ̀ nílẹ̀ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí aṣọ funfun láti òkè òkun ti pọ̀ lọ́jà tí kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n àdìrẹ pàápàá ní ọdún tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Olóba, tó ní àwòrán ọba àti ayaba Gẹ̀ẹ́sì, àjọ̀dún ọdún 25 tí King George Karùn-ún ti wà lórí oyè, ní 1935, ló bí i. Ẹ kò gbọ́dọ̀ rí i nínú eré Ogun Adúbí, torí 1918 ni ogun yẹn jà. Tó bá sì jẹ́ ogun Dahomey tó kọlu Abẹ́òkúta ní 1851 lẹ fẹ́ ṣe, ẹ fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ àti ańkárá sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ wá kíjìpá tàbí aṣọ òfì tí wọ́n rẹ láró.

Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn, ẹ wo orí wọn, ẹ wo ọwọ́ wọn. Sílípáàsì rọ́bà, rárá. Kẹ́tùrù oníke àti báàfù oníke, ẹ gbé wọn kúrò níbẹ̀. Igbá, agbọ̀n, ìkòkò amọ̀ àti abọ́ tánganran ló yẹ. Kí àwọn obìnrin tú àtasíṣọ́ọ̀nù kúrò, kí wọ́n dirun kọ̀lẹ́sẹ̀ tàbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, tàbí kí wọ́n fi òwú kó o. Èékánná gígùn àti ìpéǹpéjú àlẹ̀mọ́ náà ńkọ́? Ẹ bá wọn sọ ọ́ láti ìgbà ìdánrawò, torí ọ̀rọ̀ yẹn máa ń fa ìjà tó bá di ọjọ́ eré.

Owó náà ńkọ́? Náírà ò tíì sí nígbà yẹn. Ọdún 1973 ló dé. Sílè, sísì, tọ́rọ́ àti kọ́bọ̀ ni wọ́n ń ná, kọ́bọ̀ ìgbà náà sì ní ihò láàárín. Èyí wá rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ: ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nọ́ọ̀tì àti bóòtù, kí ẹ ra wọ́ṣà onírin tó fẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi sáńpépà ra ojú rẹ̀ kó má dán jù, kí ẹ sì fi okùn kan mú díẹ̀ pọ̀ láti inú ihò wọn. Tí ìyá kan bá da irú owó yìí sílẹ̀ níwájú agbowó-orí, ìró irin gidi ló máa dún, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá á sì gbọ́ ọ kó tó rí i.

3. Bí ẹ ṣe lè yan àdìrẹ ní Ìtòkú

Àwọn oníṣòwò Ìtòkú máa tẹ́ aṣọ fún yín títí ojú yín á fi kún. Ẹ má yan èyí tó rẹwà lọ́wọ́. Ẹ ní kí wọ́n bá yín fà á sókè, kí ẹ padà sẹ́yìn tó ogún ìṣísẹ̀, kí ẹ ṣẹ́jú sí i. Ọnà tó kéré, tó sún mọ́ra, bíi ti Ìbàdàndùn tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ fara balẹ̀ kọ, iṣẹ́ ọwọ́ ńlá ni, àmọ́ láti ọ̀nà jíjìn ó máa ń pa pọ̀ di búlúù kan ṣáá. Èyí tó ní òbìrí ńláńlá tàbí ìlà gbọ̀ọ̀rọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ìko dì, ló ń sọ̀rọ̀ dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

Tó bá jẹ́ obìnrin mẹ́wàá ló máa wà lórí ìtàgé, ẹ má fi aró kan náà rẹ gbogbo wọn. Ẹ wá èyí tó dúdú kirikiri, èyí tó mọ́lẹ̀ díẹ̀, àti èyí tó ti ṣá, kí ẹ pín wọn. Ẹni tó ń ṣe aṣáájú, kí funfun pọ̀ jù lára tirẹ̀. Ojú òǹwòran á máa tẹ̀ lé e láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Tí owó ò bá tó àdìrẹ tuntun fún gbogbo wọn, ẹ ya àwọn ìyá nílé ní ìró àtijọ́. Ó tiẹ̀ dára ju tuntun lọ.

Àwọn tó bá fẹ́ rẹ tiwọn fúnra wọn, ọ̀nà méjì ló rọrùn. Ẹ lè fi ìko di aṣọ funfun náà pinpin kí ẹ tó rì í. Ẹ sì lè se ẹ̀kọ láfún, kí ẹ fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, kí ẹ fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọnà sójú kan aṣọ, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, torí ibi tí ẹ̀kọ bá wà ni aró ò ní mú. Aró ẹlú gbowó, ó sì gba sùúrù. Fún eré, aró ìgbàlódé tí wọ́n ń fi kọ́stíìkì pò ti tó. Ẹ ṣọ́ kọ́stíìkì yẹn o! Ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ọmọdé má sí nítòsí. Inú omi lẹ máa da kọ́stíìkì sí. Ẹ má da omi lé kọ́stíìkì lórí láéláé, ó lè hó tà sí èèyàn lójú.

Yálà ẹ rà á tàbí ẹ rẹ ẹ́, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́. Òógùn òṣèré lábẹ́ iná pọ̀, aró tí kò tíì dá á sì lè kun ọrùn rẹ̀ àti bùbá funfun ẹni tó bá dì mọ́ ọn.

4. Aṣọ tí a lè fi sáré, tí a sì tètè bọ́

Ìró tí a fi ọwọ́ ró á tú tí obìnrin bá ń sáré níwájú ọlọ́pàá. Ẹ ní kí télọ̀ rán rọ́bà sí inú ìbàdí rẹ̀, kó fi ìkọ́ ńlá méjì tàbí velcro sí ẹ̀gbẹ́, kí ó sì rán igun òkè rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kì í bọ ìbàdí ni. Ṣòkòtò péńpé dúdú kò gbọ́dọ̀ ṣàìsí lábẹ́ rẹ̀. Gèlè pẹ̀lú: ẹ ṣe é bí auto gèlè, àmọ́ kí ẹ lo àdìrẹ tó rọ̀, kó má ga. Òṣèré á kàn dé e bí fìlà.

Ẹ fi àyè sí abẹ́ apá. Ẹni tó fẹ́ na ọwọ́ sókè kó sì pariwo "A ò san!" kò gbọdọ̀ máa ronú nípa bùbá tó fẹ́ ya.

Ní ti ìjòyè tó tún jẹ́ ìyá ẹlẹ́kọ, àwọn bàbá wa ti yanjú rẹ̀ tipẹ́. Àwọn alárìnjó, tí wọ́n ti inú eégún apidán jáde wá láyé Ọ̀yọ́ àtijọ́, mọ bí wọ́n ṣe ń yí aṣọ po lójú agbo, tí inú rẹ̀ á di ìta, tí ẹ̀dá mìíràn á sì yọ. Ẹ rán agbádá olójú méjì: ojú kan búlúù ṣíṣá, ojú kejì àrán pupa tàbí aṣọ òkè. Ẹ ṣí ọrùn rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Ẹni tó wọ ojú búlúù á sá sẹ́yìn aṣọ ìkélé, á fà á gba orí, á yí i, á wọ̀ ọ́ padà, á dé fìlà, ó parí. Aṣọ òkè gidi wúwo, ó ń mú ooru. Ojú àyà àti etí apá nìkan ni kí ẹ fi òjúlówó sí, kí ìyókù jẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́ tó ní ìlà bíi tirẹ̀.

5. Adé

Kí n sọ èyí ná: ẹ má ṣe àdàkọ adé Aláké kan ní pàtó. Adé ọba kì í ṣe ohun ìṣeré, bẹ́ẹ̀ sì ni agọ̀ eégún àti ẹdan Ògbóni. Ẹ gbé tiyín kalẹ̀ lọ́nà tí òǹwòran á fi mọ̀ pé adé ni, kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹnì kan. Tí eré bá béèrè ohun awo, ẹ lọ bi àwọn àgbà tó ni ín kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn orí òṣèré yípo lókè etí, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà méjì kún un fún aṣọ abẹ́. Ẹ gé páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin, ẹ yí i po, ẹ lẹ̀ ẹ́: ìdí adé nìyẹn. Láti etí ìdí yìí, ẹ gbé páálí tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ dìde, kí gbogbo wọn pàdé lókè bí orí òṣùṣù. Ní báyìí, ẹ ti ní egungun rẹ̀.

Ẹ po sitáàṣì kó ki díẹ̀, kí ẹ ya ìwé ìròyìn àtijọ́ sí pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́ ìka méjì. Yíya ni o, ẹ má fi àlùmọ́gàjí gé e, torí etí tó ya wúruwùru máa ń lẹ̀ mọ́ra ju etí tó gún lọ. Ẹ ki bébà náà bọ inú sitáàṣì, ẹ fi ìka méjì fún èyí tó pọ̀jù dànù, kí ẹ tẹ́ ẹ lé egungun náà lórí. Ipele kìn-ín-ní, ẹ tẹ́ ẹ ní òró. Ipele kejì, ẹ tẹ́ ẹ ní ìbú. Tí ẹ bá tẹ́ ẹ síbi kan náà lẹ́ẹ̀mejì, á ya níbẹ̀. Ipele mẹ́rin tó; márùn-ún tí òṣèré yín bá jẹ́ ẹni tó ń gbé nǹkan sílẹ̀ gbàgà. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí ẹ tó gbé òmíràn lé e. Lásìkò ọyẹ́, ọjọ́ kan á gbẹ ẹ́. Nínú òjò, ẹ fi sí abẹ́ fáànù, kí ẹ sì kán kàǹfọ̀ sínú sitáàṣì náà kí aáyán má jẹ adé kábíyèsí mọ́jú.

Tó bá ti gbẹ, ẹ fi sáńpépà ra á, ẹ fi ọ̀dà ara ògiri kùn ún. Ẹ má lo ọ̀dà olóròóró tó ń dán, torí iná orí ìtàgé á máa kọ mànà lójú rẹ̀, gbogbo ibi tó rí gbágungbàgun á sì hàn.

Ó ku ìlẹ̀kẹ̀. Adé tí ìlẹ̀kẹ̀ òjúlówó bo gbogbo ara rẹ̀ wúwo, owó rẹ̀ sì lè ra gbogbo aṣọ eré yín. Ẹ po gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà mọ́ ìyẹ̀fun igi tí ẹ ti jọ̀ dáadáa, ẹ dà á sínú ọ̀rá, ẹ gé igun ọ̀rá náà ṣóńṣó, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ sára adé ní tótòtó, lẹ́sẹẹsẹ. Tó bá gbẹ, ẹ kun ẹsẹ kan ní pupa, èkejì funfun, ẹ̀kẹta búlúù. Kí àwọ̀ tó bá dúró ti ara wọn jìnnà síra. Pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsàn kò ní hàn lókèèrè.

Ìlẹ̀kẹ̀ tó ń rọ̀ bo ojú ni ẹwà adé. Ẹ gé sítíróò tí a fi ń mu mínírà sí kéékèèké, ẹ fi òwú gún wọn tẹ̀ léra. Ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn fáànù lè gbé e dàrú, nítorí náà ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ gidi kan ṣoṣo dè é nídìí, kó lè fà á sísàlẹ̀, kó sì máa mì tìtì tí ọba bá yíjú. Ẹ dín in kù níwájú ẹnu, torí òǹwòran fẹ́ gbọ́ ohun tí kábíyèsí ń sọ. Ní inú, ẹ lẹ fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ yípo, kí ẹ fi rọ́bà dúdú sí abẹ́ àgbọ̀n.

6. Kóndó àti ìbọn

Kóndó tó lè ba ẹnikẹ́ni lára jẹ́ kò gbọdọ̀ gun orí ìtàgé. Ẹ gé páìpù rọ́bà tí àwọn oníná fi ń gba wáyà, ẹ fi fóòmù wé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ fi aṣọ dúdú rán an pa, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù pò mọ́ ọ̀dà dúdú kùn ún. Síbẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ fi gbá orí ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan lẹ́yìn ìtàgé máa fi bẹ́líìtì na tábìlì nígbà tí kóndó bá sọ̀ kalẹ̀. Etí ló máa tan ojú jẹ.

Ẹ fi igi gbẹ́ ìbọn, kí ẹnu rẹ̀ dí pa. Kò gbọdọ̀ kọjá ní ìgboro láìjẹ́ pé ẹ ti wé e sínú àpò, bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ ọlọ́pàá tàbí ti sójà kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn lára òṣèré tó fẹ́ lọ ra búrẹ́dì. Mi ò fi èyí ṣàwàdà rárá.

Bí ẹ bá fẹ́ lo fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, ó dára fún òpó ààfin àti òkúta, ó fúyẹ́, ọ̀bẹ ń gé e. Àmọ́ gọ́ọ̀mù àwọn tó ń ṣe bàtà máa yọ́ ọ. Gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà ni kí ẹ lò.

7. Ẹ sọ ọ́ di àlòkù

Aṣọ tuntun ń parọ́ lórí ìtàgé. Ìyá tó ti ń ta ẹ̀kọ láti àárọ̀, ìró rẹ̀ ò lè rí bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ọ̀rá. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sá a sójú oòrùn, ẹ fi sáńpépà ra orúnkún, ìgúnpá àti ibi tí ọmọ ń jókòó sí lẹ́yìn. Ẹ bu erùpẹ̀ pupa, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ pò ó mọ́ omi àti gọ́ọ̀mù funfun díẹ̀, kí ẹ fi bùrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nù ún mọ́ etí ìsàlẹ̀ aṣọ. Kó nípọn nísàlẹ̀, kó máa fẹ́lẹ́ bó ṣe ń lọ sókè.

Funfun gan-an máa ń gún ojú lábẹ́ iná. Ẹ hó tíì dúdú, ẹ rì í fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ṣan án. Òǹwòran á ṣì rí funfun, àmọ́ ojú òṣèré ló máa wò, kì í ṣe bùbá rẹ̀.

8. Ẹ gbé e sábẹ́ iná kí ọjọ́ tó pé

Ẹ bẹ àwọn oníná, ó kéré tán ọjọ́ kan ṣáájú. Kí gbogbo òṣèré wọ aṣọ wọn, kí wọ́n jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kí wọ́n jáde pa pọ̀, kí ẹ̀yin jókòó sí ìlà ìkẹyìn pẹ̀lú ìwé àti bírò. Iná búlúù tí wọ́n fi ń ṣe òru máa sọ funfun inú àdìrẹ di búlúù, ọnà tí ẹ sanwó fún á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ẹ ní kí wọ́n fi iná funfun díẹ̀ kún un láti ẹ̀gbẹ́. Iná pupa rúsúrúsú tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ máa ń pa búlúù kú. Tí ìran ọjà bá wà lábẹ́ rẹ̀, àdìrẹ tó ní funfun púpọ̀ ló yẹ níbẹ̀. Kí wọ́n sáré, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n kúnlẹ̀. Ohun tó bá máa ya, kó yá a ya lọ́jọ́ yìí.

9. Tábìlì ẹ̀yìn ìtàgé

Ẹ tẹ́ bébà funfun sórí tábìlì kan, ẹ to ohun èlò lé e ní bí wọ́n ṣe máa wọlé, kí ẹ fi máàkà fa ìlà yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìlà náà. Wíwò ẹ̀ẹ̀kan báyìí, ẹ ti mọ ohun tí kò sí nípò rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹni tí kò ní í lo ohun èlò náà nínú ìran tó kàn, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ì báà jẹ́ ọmọ olùdarí.

Nínú àpò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kó abẹ́rẹ́ tí ẹ ti fi òwú sí, òwú dúdú àti funfun, pínnì olórí, téèpù dúdú, àlùmọ́gàjí, gọ́ọ̀mù, rọ́bà, àti ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀ tó jọ ti adé.

Tí eré bá parí lálẹ́, aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ kó, kí àwọn òṣèré tó lọ jẹun. Ẹ sá èyí tó ní òógùn, ẹ fọ àdìrẹ lọ́tọ̀, ẹ fi bébà tí ẹ ti rún sínú adé kó má tẹ̀, kí ẹ sì fi náfútálínì sínú àpótí. Ìró tí ẹ yá lọ́wọ́ àwọn ìyá, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ náà, nítorí ọ̀dọ̀ wọn náà lẹ tún máa padà sí fún eré tó ń bọ̀.